Ìpá Tí A Jọ Fi Pamọ́

Bàámi, ẹni tí mò ń pè tí kò lè dá mi lóhùn mọ́,

Mo kí yín níbi tẹ́ ẹ wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ nínú lẹ́tà, torí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tẹ́ ẹ bá ti ìdí kànga tẹ́ ẹ̀ ń gbẹ́ dé: ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wá máa bá yín fa yẹ̀pẹ̀. Níbi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi tún un kà.

Ìjọkò ni mò ń gbé báyìí, yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ. Bó bá fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo wọn á ti tú jáde. Ẹni tó ń lọ Èkó á ti lọ, ẹni tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ní Sango á ti lọ. Á wá ku èmi àti ewúrẹ́ ìyá onílé. Àwọn dókítà ní mi ò gbọdọ̀ pọnmi, mi ò gbọdọ̀ fọṣọ, mi ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá ju kẹ́tùlù lọ. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wo ewúrẹ́ yẹn, òun náà á máa wò mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mi ò mọ̀ pé ilé máa ń dákẹ́ tó báyìí lọ́sàn-án.

Mo ti gbéyàwó, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ jókòó síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, àbúrò yín ló jókòó dípò yín. Oṣù karùn-ún rèé. Sìkírà lorúkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ níbi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ní Ilo-Awela. Kò ga. Tó bá fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó parí ọ̀rọ̀. Tó bá ń bínú, kì í pariwo, ilẹ̀ ló máa ń gbá. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Tó bá ń wò mí níbi tí mo ti ń jẹun, mo máa ń tẹjú mọ́ àwo ni.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé sí yín ni pé ìpá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí bó ṣe pa yín. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ ti lọ, mi ò tíì jẹ́ kó ti ẹnu mi jáde pé ìpá ló pa yín. Tí wọ́n bá bi mí, inú rírun ni mo máa ń sọ, torí ohun tẹ́ ẹ ní kí n sọ nìyẹn.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbà? Ẹ ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri, ẹ ó sì dijú. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín yàwòrán sára ògiri yẹn, ọ̀dà tuntun pàápàá ò pa á rẹ́. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ìgbà tí tèmi yọ lọ́jọ́ kan tá à ń fa yẹ̀pẹ̀ ni mo tó mọ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà yẹn. Mo rò pé ìfun mi ti já, mò ń sunkún. Ẹ mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ẹ ní kí n dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ẹ sì fi ìka yín hàn mí bí wọ́n ṣe ń rọra tì í padà. Ẹ ní kí n mí síta, kí n má fipá, pé bí ẹni tó ń da ọmọ ẹran padà sínú ọgbà ni. Lẹ́yìn náà lẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ẹ ká aṣọ sí i, ẹ dì í mọ́ mi níbàdí. Ẹ wá ká aṣọ tiyín sókè, mo rí i pé irú ẹ̀ lẹ̀yin náà dì. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́. Nínú gbogbo àwa ọmọ yín, èmi nìkan lẹ bá ní irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mo ti di ọkùnrin.

Mo di rọ́bà yẹn wọnú ìgbéyàwó mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi onípàá ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n á máa fi í kọrin lẹ́yìn èèyàn. Kí Sìkírà tó lajú láàárọ̀, mo ti wọ ṣòkòtò. N kì í bọ́ṣọ àfi tí iná bá ti kú. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá òun ló ń rí mi lára. Mo ní rárá o. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Mi ò bẹ̀rù ikú nígbà yẹn, Bàámi. Ojú tó máa fi wò mí tó bá rí i ni mò ń bẹ̀rù.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Àwa la máa ń gbé àpò hóró rọ́bà lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé àpò kẹta, ìpá yìí yọ, ó sì le bí òkúta. Mo lọ sí ilé ìgbẹ́, mo tẹ́ páálí, mo dùbúlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Mo mí síta. Mo rọra tì í. Kò lọ. Mo tún tì í. Nígbà tó yá, mi ò rọra mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Oòrùn ti kan àtàrí, mo ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tì í padà, Bàámi. Ẹ ò kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń ṣe tí kò bá padà. Àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni?

Múfú, tá a jọ ń gbé àpò, ló wá mi wá.

“Àbí o ti fibẹ̀ ṣe ilé ni? Fọ́maanù ń wá ẹ o.”

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó wo ìbàdí mi, ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti àárọ̀.”

“O wá ń pò ó bí ẹ̀bà láti àárọ̀? Dìde, jàre. Di ọrùn mi mú.”

Nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa tó gbé wa lọ sí ọsibítù, Múfú ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Àpá mẹ́ta ló wà níkùn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, méjì nísàlẹ̀ díẹ̀, kò sí èyí tó ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ní òun náà ní in, pé Èkó ni wọ́n ti ṣe é fún òun. Wọ́n dá ihò kékeré mẹ́ta sí òun níkùn, wọ́n ki kámẹ́rà bọ inú ọ̀kan, wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú méjì tó kù, wọ́n ń wo inú òun nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ kejì ló lọ sílé. Ọdún méjì la ti jọ ń gbé àpò. Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ tèmi.

Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ti dúró sórí àpá mẹ́ta yẹn. Mo ní èyí gan-an ni mo fẹ́. Tí mo bá ti rí irú ẹ̀ ṣe, mo lè sọ fún Sìkírà pé eéwo ló sọ mí níkùn.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó fi sísọ́ọ̀sì gé rọ́bà ìbàdí mi gbé e sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ta ló di èèyàn bí ẹrù báyìí?”

“Ẹ rọra fún un,” ni Múfú wí, “ọkọ ìyàwó tuntun ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Ìyàwó ọ̀hún ńkọ́? Ṣé òun ló so kókó ẹ̀ ni?”

Ó fẹ́ fi pa mí lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ omi lé ròrò sójú mi. Bẹ́ẹ̀ ni Múfú ti bọ́ síta lọ pe Sìkírà lórí fóònù, mi ò tíì ráyè dá a dúró.

Dókítà obìnrin kan ló wá. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, mo kọjú sí ògiri ní gbogbo ìgbà tó ń yẹ̀ mí wò. Ó ní ìfun mi ló gba ojú ihò kan tó wà lára ẹran ikùn yọ síta, ihò náà sì ti fún un lọ́rùn. Ó mú okùn tín-ínrín kan, ó so ó mọ́ ìka ara rẹ̀, ó fún un pinpin, ó ní kí n wo ìka náà.

“Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń yí àwọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbẹ̀ mọ́ nìyẹn. Tí mo bá fi sílẹ̀ báyìí di ọ̀la, á kú. Bọ́ràn ìfun yín ṣe rí nìyẹn, bọ̀dá. A máa là á nísinsìnyí.”

Mo bi í bóyá wọn ò lè ṣe èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe, èyí tí kì í fi àpá sílẹ̀.

“Èwo ni kì í fi àpá sílẹ̀? Méjèèjì ló ń fi àpá sílẹ̀. Ọ̀kan kéré ni.”

Mo máa kọ bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, bóyá ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ̀, torí kò sẹ́ni tó fún yín láyè kẹ́ ẹ yan èyíkéyìí. Ó ní èyí tí wọ́n ń là, wọ́n á gé ojú ìpá yẹn gan-an, wọ́n á fojú rí ìfun náà, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á dá a padà, wọ́n á rán ihò rẹ̀ pa. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìdí àti ẹsẹ̀ kú ti tó fún un, èèyàn ò ní sùn. Àmọ́ ó máa ń dun èèyàn pẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kéèyàn tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti kámẹ́rà, ihò kéékèèké ni, ìrora rẹ̀ kò tó ti èkejì, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo inú dáadáa. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn kun èèyàn lóorun pátápátá, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ikùn, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dunjú. Ó ní àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ṣe é fún ẹni tí tirẹ̀ ká a mọ́ bíi tèmi, tí irinṣẹ́ àti dókítà bá wà nítòsí. Kì í ṣe pé ọ̀kan dáa, èkejì burú. Lọ́dọ̀ tiwọn, Ọjọ́bọ̀ ni dókítà tó ń ṣe ti kámẹ́rà máa ń wá. Kí wọ́n tó gbé mi dé Èkó, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n máa bá nínú mi.

“Tó bá jẹ́ pé oṣù tó kọjá lẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wá, èyí tó bá wù yín lẹ máa mú. Lónìí, àkókò ni mò ń wò, mi ò wo àpá.”

Mo ní mo lè fara dà á di Ọjọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, Bàámi. Mo ti bì títí kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́, mo sì ń sọ pé mo lè fara dà á di Ọjọ́bọ̀. Dókítà náà gbé ìwé tí mo máa fọwọ́ sí lé mi láyà, ó dúró. Ibi tá a wà nìyẹn tí Sìkírà fi wọlé, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tẹ́ ò tíì gbé e wọlé?”

“Ọkọ yín ló ń bá mi nájà. Ó ní àpá rẹ̀ máa tóbi jù.”

“Àpá?” Ó wo dókítà, ó wo rọ́bà tí nọ́ọ̀sì fi sórí tábìlì, ó wá wò mí. “Àpá ta ni? Ta lo fẹ́ fi í hàn?”

Èmi tí mò ń sá fún ojú rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ojú náà ti bá mi lórí ibùsùn, ìbàdí mi wà níta, kò sì sí iná tí mo lè pa. Kò yíjú. Ó mú bírò lọ́wọ́ dókítà, ó fi í sí mi lọ́wọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi. Ẹsẹ̀ mi di ti ẹlòmíràn. Wọ́n ta aṣọ sí mi láyà kí n má baà rí nǹkan, àmọ́ mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Mo gbọ́ tí dókítà àgbà tó ń ṣe é ní ó ti dúdú. Ó ní kí wọ́n mú aṣọ rírin tó gbóná wá kí wọ́n fi bò ó, kí gbogbo èèyàn dúró. Tí kò bá yí àwọ̀ padà, wọ́n máa gé ibẹ̀ sọ nù, wọ́n á sì ní láti là mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò dá wà tó báyẹn rí láyé mi, pẹ̀lú gbogbo èèyàn tó yí mi ká. Àgbàlagbà mẹ́ta ń wo ìfun mi bí ẹni ń wo omi kó hó, èmi tí mo ni ín ò lè rí i. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Ṣé bí tiyín náà ṣe dúdú nìyẹn, lọ́jọ́ méjì tẹ́ ẹ fi wà nínú yàrá, tẹ́ ẹ ní kí n máa gbé omi gbígbóná wá, kí n sì sọ fún wọn pé inú ló ń run yín? Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi aṣọ rírin bò ó fún ẹ̀yin náà ńkọ́?

Nígbà tó pẹ́, dókítà obìnrin yẹn ní, “Ó ń pọ́n bọ̀.” Dókítà àgbà ní kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó ti dáa. Ẹ dá a padà.” Omi bọ́ lójú mi, ó ń ṣàn wọnú etí mi, mi ò sì lè gbọ́wọ́ nù ún.

Ọjọ́ kejì ni ìyá mi dé láti Adó-Odò. Ó jókòó tì mí, ó bo ẹsẹ̀ mi, ó tún un bò. Mo rò pé ó máa béèrè ohun tó ṣe mí ni. Kò béèrè. Ó ní òun mọ̀ nípa tiyín.

Bàámi, ìyá mi mọ̀. Ó ní kí wọ́n tó bí mi lòun ti mọ̀. Ó ní ẹ̀gúsí tóun máa ń gbé lọ bó lẹ́yìn ilé lẹ́yìn Mọ̀gàríbà, kì í ṣe torí atẹ́gùn, kẹ́ ẹ lè ráyè gbé ẹsẹ̀ yín lé ògiri ni. Ó ń retí pé kẹ́ ẹ fúnra yín sọ fún òun. Ó ní báwo lòun ṣe máa ká ọkọ òun mọ́ ohun tó fi ń pamọ́, ṣé kì í ṣe àrífín nìyẹn. Lọ́jọ́ méjì yẹn, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wojú mi pé kí n sọ ọ́. Èmi náà ń wojú yín. Ẹ̀yin wá kọjú sí ògiri. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé, àwa mẹ́ta la mọ̀, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé yín sínú mọ́tò tó ń bọ̀ l'Ọ́tà, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣé ẹ bínú sí mi pé mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Àbí inú yín dùn? Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́.

Àpá mi gùn tó ìka, ó dagun síbi itan. Ó ń jinná. Sìkírà ló ń bá mi tú báńdéèjì, ó ń ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń gbálẹ̀. Ó ti gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé, “Kí lo rò pé mo máa ṣe tí mo bá mọ̀?”

Ó ku nǹkan kan, òun ló sì gbé mi dìde lónìí. Kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé, dókítà obìnrin yẹn fọwọ́ sí apá òsì mi, ó ní kí n wúkọ́. Ó ní òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó kéré, kò ká mi mọ́. Tí èyí bá jinná tán, kí n wá lẹ́yìn oṣù méjì, lọ́jọ́ tí dókítà kámẹ́rà bá wà. Ní apá òsì yìí, mo lè ní àpá mẹ́ta mi. Ó ní kí n sọ fún ìyàwó mi. Mo ní màá sọ.

Mi ò tíì sọ. Láàárọ̀ yìí níbi tí mo ti ń wẹ̀, ó yọ. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, mo mí síta, mo rọra tì í, ó padà. Ó dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, mo wá bírò.

Lónìí Sátidé, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bá ìyá onílé ṣàwàdà. Ẹ má bínú, Bàámi, mo máa pè é.

Mo ti pè é. Ó ní kí n jẹ́ kóun bọ́ bàtà ná. Mo ní kó má tíì bọ́ ọ, kó wá fọwọ́ kan ibì kan. Ọ̀sán ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, oòrùn wà nínú yàrá. Mo wúkọ́ fún un, ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò yọ ọwọ́. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Mo sọ tiyín náà fún un.

Kò gbálẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ọjọ́bọ̀ wo la máa lọ?”

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣàárò yín.